Àtẹ tàbí àwọ̀n? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí dátà alásopọ̀ àti dátábéèsì alátẹ

Àwọn tó mọ SQL (èdè tí a fi ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ dátábéèsì alátẹ) dáadáa, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ RDF (ìlànà tí a fi ń kọ dátà alásopọ̀), SPARQL (èdè tí a fi ń bi í ní ìbéèrè) tàbí Wikidata (àkójọ dátà lórí wẹ́ẹ̀bù tí ẹnikẹ́ni lè kọ nǹkan sí), ni wọ́n máa ń bi mí ní àwọn ìbéèrè yìí. Ìdílé Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ ní ọ̀pọ̀ ibi. Tilé-toko ló mọ̀ wọ́n, ìdílé náà sì ní gbogbo ohun tó máa ń yọ ẹni tó ń tọ́jú dátà lẹ́nu: orúkọ tó yí padà, ìyàwó tó pọ̀, ìbátan tó gba ọ̀dọ̀ ìyá wá.

Kí ni ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì gan-an?

Nínú dátábéèsì alátẹ, ẹ ó kọ́kọ́ ya àtẹ kí ẹ tó da ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀. Ìlà kọ̀ọ̀kan dúró fún ẹnì kan tàbí ohun kan, òpó kọ̀ọ̀kan sì dúró fún ohun tí a fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀. Ohun tí àtẹ kò bá ní òpó fún kò rí ibi jókòó, àfi tí ẹ bá tún àtẹ náà yà.

Nínú dátà alásopọ̀, gbólóhùn ló wà. Gbólóhùn kúkúrú ni, tó ní olùwà, ọ̀rọ̀-ìṣe àti àbọ̀, bí tíṣà ṣe kọ́ wa:

Mádé — bàbá rẹ̀ ni — Fẹ́mi
Fẹ́mi — bàbá rẹ̀ ni — Fẹlá
Fẹlá — bàbá rẹ̀ ni — Israel
Israel — bàbá rẹ̀ ni — Josiah

Ẹni tó jẹ́ àbọ̀ níbí ló di olùwà lọ́hùn-ún, bí wọ́n ṣe ń so kọ́ra nìyẹn. Bí gbólóhùn bá ti pọ̀ tó, wọ́n á di àwọ̀n. Àwọ̀n yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní gíráàfù. Ẹ má fi í pe gíráàfù tí a ń fi rúlà yà nínú ìwé ìṣirò.

Ìrísí nìyẹn o. Ohun tí mo kà sí pàtàkì ju ìrísí lọ ni ibi tí ìtumọ̀ ń gbé. Òpó kan nínú àtẹ lè máa jẹ́ `bid`, ẹni tó ya àtẹ náà nìkan ló sì mọ̀ pé bàbá ló ń wí. Bí ó bá fiṣẹ́ sílẹ̀, ìtumọ̀ bá a lọ. Nínú dátà alásopọ̀, "bàbá rẹ̀ ni" ní àdírẹ́sì tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. P22 ni wọ́n ń pè é ní Wikidata. Ẹnikẹ́ni lè ṣí i, kó ka ohun tó túmọ̀ sí, kó sì lò ó nínú dátà tirẹ̀ láì tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ta ló dá wọn sílẹ̀, nígbà wo?

Edgar Codd, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ fún IBM ní San Jose ní California, ló gbé ìmọ̀ dátábéèsì alátẹ jáde nínú àpilẹ̀kọ kan ní 1970. Donald Chamberlin àti Raymond Boyce, tí àwọn náà wà ní IBM, ló ṣe èdè tó di SQL lẹ́yìn náà, ní 1974.

Ti dátà alásopọ̀, W3C, ẹgbẹ́ tó ń ṣètò ìlànà wẹ́ẹ̀bù, fọwọ́ sí RDF ní 1999. Tim Berners-Lee, ẹni tó dá wẹ́ẹ̀bù sílẹ̀, kọ ìlànà mẹ́rin fún dátà alásopọ̀ ní 2006: ẹ fún ohun gbogbo ní àdírẹ́sì; kí àdírẹ́sì náà jẹ́ irú èyí tí èèyàn lè ṣí lórí wẹ́ẹ̀bù; kí ẹni tó ṣí i rí ọ̀rọ̀ tó wúlò níbẹ̀; kí ọ̀rọ̀ náà sì tọ́ka sí àdírẹ́sì mìíràn. SPARQL, èdè tí a fi ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, dé ní 2008.

Ṣebí "relational" túmọ̀ sí pé àwọn àtẹ bá ara wọn tan?

Rárá, àṣìgbọ́ tó wọ́pọ̀ gan-an ni. Nínú ìṣirò, "relation" ni orúkọ àtẹ fúnra rẹ̀: ọ̀wọ́ àwọn ìlà tí òpó wọn bára mu. Inú ìṣirò ni Codd ti mú ọ̀rọ̀ náà. Bí ẹ bá tilẹ̀ ní àtẹ kan ṣoṣo tí kò bá ohunkóhun tan, "relation" ni. Ìbátan láàárín àtẹ kan àti èkejì, kọ́kọ́rọ́ la fi ń ṣe é: nọ́ńbà ìlà kan ní ibí ni a kọ sínú òpó kan lọ́hùn-ún. Nọ́ńbà yẹn kò sì ní ìtumọ̀ kankan lóde dátábéèsì yẹn. Nọ́ńbà 7 lọ́dọ̀ yín lè jẹ́ Fẹlá, kí nọ́ńbà 7 lọ́dọ̀ mi jẹ́ àpò ìrẹsì.

Ṣé kì í ṣe ẹ̀yìn la tún padà sí? Mo gbọ́ pé wọ́n ti lo àwọ̀n rí kí àtẹ tó dé.

Òótọ́ lẹ gbọ́. Ní àwọn ọdún 1960, Charles Bachman ti ṣe dátábéèsì tí ohun kan nínú rẹ̀ ti ń tọ́ka sí òmíràn, wọ́n sì fún un ní Ẹ̀bùn Turing, ẹ̀bùn tó ga jù nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, nítorí rẹ̀ ní 1973. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà gbogbo lórí: wọlé síbí, yà síbẹ̀, tẹ̀ lé eléyìí dé ìdí. Bí wọ́n bá tún ilé tò pẹ́nrẹ́n, ètò yín sọnù sọ́nà. Ìyẹn gan-an ni Codd gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀: ẹ sọ ohun tí ẹ ń fẹ́, kí dátábéèsì fúnra rẹ̀ wá ọ̀nà.

Dátà alásopọ̀ kò gba ẹ̀bùn yẹn padà lọ́wọ́ wa. SPARQL náà, ohun tí ẹ ń fẹ́ lẹ ó sọ, kò ní bi yín ní ọ̀nà. Àti pé atọ́ka ìgbà Bachman wà nínú ẹ̀rọ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ti ìsinsìnyí jẹ́ àdírẹ́sì gbogboogbò tó lè gba sáfà ẹlòmíràn kọjá.

Kí ló dé tí ẹ fi ń pariwo àdírẹ́sì? Ṣé orúkọ kò tó ni?

Kò tó. Ẹ wo Fẹlá. Wọ́n bí i ní 1938 gẹ́gẹ́ bí Ransome-Kuti. Ní àwọn ọdún 1970 ó yọ Ransome kúrò, ó fi Aníkúlápó rọ́pò rẹ̀. Olikoye ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ṣe mínísítà ètò ìlera, kò fi Ransome-Kuti sílẹ̀. Bàbá kan náà, ìyá kan náà, orúkọ ìdílé méjì. Bí ẹ bá fi orúkọ ìdílé ṣe ohun tí yóò so wọ́n pọ̀ nínú àtẹ yín, ọmọ ìyá méjì ti di àjèjì síra wọn.

Ti ìlú tún wà níbẹ̀. Mo bá fáìlì kan pàdé tí Abẹ́òkúta wà nínú rẹ̀ ní ọ̀nà márùn-ún. Lójú mi, mẹ́ta nínú wọn kò yàtọ̀ rárá. Kọ̀ǹpútà kà wọ́n sí ìlú márùn-ún. Ìdí rẹ̀ nìyí: lẹ́tà ẹ́ kò ní kóòdù kan ṣoṣo nínú Unicode, àtòjọ kóòdù tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà. Ẹnì kan lè tẹ ẹ kó tó fi àmì òkè lé e. Ẹlòmíràn á tẹ é kó tó fi àmì sí i nísàlẹ̀. Ẹlòmíràn á lo ìlà gbọọrọ nísàlẹ̀ dípò tó-tó. Ojú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kan náà lórí ìwé, kóòdù wọn yàtọ̀. Ẹ fi ti àwọn tí kì í fi àmì sí i rárá kún un, àti ti àwọn ará wa ní Benin tí wọ́n ń kọ ɛ níbi tí àwa ń kọ ẹ.

Ohun kan wà tí ẹ lè ṣe sí àmì, ìyẹn ni pé kí ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di oríṣi kan kí ẹ tó tọ́jú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa ṣe é, nínú àtẹ àti nínú àwọ̀n. Ṣùgbọ́n dátà alásopọ̀ ti yẹra fún ọ̀fìn náà láti ìbẹ̀rẹ̀: àdírẹ́sì ni ìlú náà, orúkọ kàn jẹ́ ohun tí a so mọ́ ọn ni. Q8673 ni nọ́ńbà tí Wikidata fún ìlú tí àwa ń pè ní Èkó tí òyìnbó ń pè ní Lagos. Orúkọ kọ̀ọ̀kan lè gbé àmì èdè rẹ̀ dání, `"Èkó"@yo`, `"Lagos"@en`, kò sì sí èyí tó jẹ́ ọ̀gá fún èkejì. Èmi fẹ́ràn ìyẹn. Nínú ọ̀pọ̀ àtẹ tí mo ti rí, orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ni ojúlówó, ti Yorùbá wà ní òpó kan lẹ́yìn tí ẹnikẹ́ni kò kọ nǹkan sí.

Ṣé SQL kò lè tọ ìran bàbá dé bàbá ni?

Ó lè ṣe é, láti ìgbà ìlànà SQL ti 1999 sì ni. Bí Josiah bá jẹ́ ìlà 1 nínú àtẹ `eniyan`, báyìí ni a ṣe lè wá gbogbo ìran rẹ̀:

```
WITH RECURSIVE iran AS (
  SELECT id FROM eniyan WHERE id = 1
  UNION
  SELECT e.id FROM eniyan e
  JOIN iran i ON e.baba_id = i.id OR e.iya_id = i.id
)
SELECT * FROM iran;
```

Ní SPARQL, ọkàn ọ̀rọ̀ náà kò ju èyí lọ:

```
?omo (wdt:P22|wdt:P25)+ ?babanla .
```

P22 ni bàbá, P25 ni ìyá. Àmì `+` ní òpin ni pé kí ó máa tẹ̀ lé e lọ, ìgbésẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ kíyè sí P25 yẹn. Ìyá Wọlé Ṣóyínká wá láti ìdílé Ransome-Kuti. Bí ẹ bá kọ P22 nìkan, ẹ ó rí Fẹlá, Fẹ́mi àti Mádé. Ṣóyínká kò ní jáde láéláé. Àwa tí a mọ̀ pé ẹbí bàbá àti ẹbí ìyá ni ẹbí, a kò gbọdọ̀ gbàgbé ìyẹn nídìí kọ̀ǹpútà. Mo máa ń sọ fún àwọn tó bá wá kọ́ iṣẹ́ pé àṣìṣe tó wà nínú ìbéèrè lè burú ju èyí tó wà nínú dátà lọ, torí pé ìdáhùn tó wá máa ń dà bí ẹni pé ó pé.

Bí ohun kan bá ní ju ẹyọ kan lọ ńkọ́?

Ní 1978, Fẹlá gbé obìnrin 27 níyàwó ní ọjọ́ kan. Ẹni tó ya àtẹ tó ní òpó kan fún "ìyàwó" ti há. Ohun tó yẹ kó ṣe ni kí ó ya àtẹ kejì fún ìgbéyàwó, kí ìlà kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ so ẹni méjì pọ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á ti ṣe é bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ti ronú kàn án *kí* dátà tó dé. Nínú àwọ̀n, gbólóhùn kan àti gbólóhùn 27 kò yàtọ̀. Ẹ kàn ń kọ lọ ni.

Bí a kò bá kọ ohun kan sílẹ̀, kí ni kọ̀ǹpútà gbà gbọ́?

Èyí ló máa ń ya àwọn tó wá láti ìdí SQL lẹ́nu jù. Bí orúkọ ẹnì kan kò bá sí nínú àtẹ òṣìṣẹ́, kì í ṣe òṣìṣẹ́ ibẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Àtẹ gbà pé ohun tí òun ní ni gbogbo ohun tó wà.

Dátà alásopọ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí a bá kọ Fẹ́mi àti Ṣeun nìkan gẹ́gẹ́ bí ọmọ Fẹlá, tí ẹ ní kí SPARQL kà wọ́n, yóò dáhùn pé méjì. Ohun tí ó ń sọ fún yín ni pé "méjì ni mo rí". Yẹni ńkọ́? Ó wà láyé, a kàn kò tíì kọ ọ́ ni. Ọgbọ́n wà nínú èyí, torí pé kò sí ẹnì kan tó ni wẹ́ẹ̀bù, ẹlòmíràn lè kọ gbólóhùn tó kù sí ibòmíràn lọ́la. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò gbà pé àdírẹ́sì méjì jẹ́ ẹni méjì dandan. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹnì kan náà tí ilé ìkàwé méjì fún ní àdírẹ́sì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ǹjẹ́ ó kan ìtàn tiwa níbì kankan?

Ó kàn án gidigidi. Nígbà òwò ẹrú, orúkọ tí wọ́n ń kọ fún àwọn èèyàn wa ń yí padà láti èbúté dé èbúté. Ní Bahia ní Bùràsílì, Nagô ni. Ní Kúbà, Lucumí ni. Ní Freetown, níbi tí wọ́n ń sọ̀ sí nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì bá gbà wọ́n sílẹ̀ lójú òkun, Aku ni. Òpìtàn tó ń ka ìwé ìrìbọmi ní Havana á ya àtẹ tirẹ̀, á kọ Lucumí sínú òpó "orílẹ̀". Ẹni tó wà ní Salvador á kọ Nagô. Ìgbà tí ọdún pọ̀, àtẹ méjèèjì kún, wọn kò sì lè bára wọn sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú kan náà lè ti bí àwọn tó wà nínú méjèèjì.

Iṣẹ́ irú èyí ni Enslaved.org dáwọ́ lé. Yunifásítì ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà ni ibùdó rẹ̀, wọ́n sì ṣí i fún aráyé ní 2020. Orí dátà alásopọ̀ ni wọ́n gbé e kà, kí àkọsílẹ̀ tí ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kó jọ lè ṣeé wá papọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, torí pé ibi tí èèyàn ti lè ba nǹkan jẹ́ nìyí. Ó rọrùn láti kọ gbólóhùn kan pé Lucumí àti Yorùbá jẹ́ ohun kan náà. `owl:sameAs` ni a fi ń kọ ọ́. Bí ẹ bá kọ ọ́, gbogbo ohun tó jẹ́ ti Lucumí di ti Yorùbá lójú kọ̀ǹpútà, láìku ẹyọ kan. Irọ́ ni. Àwọn akọ̀wé Sípéènì máa ń kọ Lucumí fún àwọn aládùúgbò wa náà, bí àwọn Tápà. Ẹ ó ti gba ìran ẹlòmíràn mọ́ ti wa, ẹ ó sì ti pa orúkọ wọn rẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ìlànà SKOS, tó jáde ní 2009, fún wa ní ọ̀rọ̀-ìṣe tó ṣe jẹ́jẹ́ ju ìyẹn lọ: `exactMatch` fún ohun tó bára mu pátápátá, `closeMatch` fún ohun tó sún mọ́ra. Ẹ lo èkejì. Ẹ sì fi ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ìgbà náà kọ sílẹ̀ síbẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ má pa á rẹ́ nítorí pé ẹ ti rí ìtumọ̀ rẹ̀.

Kí wá ni àtẹ fi ju àwọ̀n lọ?

Ó pọ̀. Owó ni àkọ́kọ́. Bí ẹ bá fi ₦5,000 ránṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ kúrò níbí kó sì dé ọ̀hún, tàbí kí méjèèjì má ṣẹlẹ̀ rárá. Dátábéèsì alátẹ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ bí a ṣe ń ṣe ìyẹn láìtàsé. Ó tún máa ń dá ohun tí kò bójú mu padà láti ẹnu ọ̀nà: ọjọ́ orí tí kò pé òdo, nọ́ńbà kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Àwọ̀n máa ń gba ohunkóhun tí ẹ bá sọ sí i, àfi tí ẹ bá fi SHACL yẹ̀ ẹ́ wò, ìlànà tí W3C fọwọ́ sí ní 2017. Owó iṣẹ́, ọjà nínú ṣọ́ọ̀bù, èsì ìdánwò: àtẹ ni kí ẹ lò.

Èkejì ni pé gbólóhùn abala mẹ́ta máa ń fúnni lọ́rùn nígbà mìíràn. Ṣóyínká gba Ẹ̀bùn Nobel ti Lítíréṣọ̀. Ọdún wo? 1986. Abala mẹ́ta ti kún, níbo ni ọdún máa jókòó sí? Ẹ ò lè so ó mọ́ Ṣóyínká, ẹ ò lè so ó mọ́ Nobel. Ẹ ní láti sọ gbígbà náà fúnra rẹ̀ di ohun kan tó ní àdírẹ́sì, kí ẹ wá so ẹni, ẹ̀bùn àti ọdún mọ́ ọn. Nínú àtẹ, ẹ kàn fi òpó kan kún un ni.

Ṣé orí àwọ̀n nìkan ni Wikidata fúnra rẹ̀ ń ṣiṣẹ́?

Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀: rárá. Láti 2012 tó ti bẹ̀rẹ̀, dátábéèsì alátẹ ni wọ́n fi ń tọ́jú ohun tí àwọn èèyàn bá kọ síbẹ̀; MariaDB, ẹbí MySQL, ni wọ́n ń lò báyìí. Ẹ̀dà rẹ̀ ni wọ́n ń sọ di RDF tí wọ́n sì ń kó lọ sínú Blazegraph, èyí tí ń dáhùn SPARQL. Ohun tó wà níbẹ̀ ti ju 100 mílíọ̀nù lọ, ẹrù náà sì wúwo dé ibi pé ní 2025 wọ́n pín in sí méjì, wọ́n kó àwọn àpilẹ̀kọ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ lọ sí apá kan. Ìbéèrè tó bá ju ìṣẹ́jú kan lọ, wọ́n á já a. Ẹni tó bá ń sọ fún yín pé àwọ̀n máa ń yára ju àtẹ lọ ní gbogbo ìgbà kò tíì gbé ẹrù tó wúwo lé e.

Neo4j, dátábéèsì kan tó ń tọ́jú dátà bí àwọ̀n, ńkọ́? Ṣé dátà alásopọ̀ ni?

Àwọ̀n ni, dátà alásopọ̀ kọ́. Ó ní okùn, ó sì ní kókó, ẹ tilẹ̀ lè kọ ọdún sára okùn náà láìsí wàhálà 1986 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n orúkọ inú rẹ̀, inú ilé ló parí sí. Bí iṣẹ́ yín kò bá ní jáde sóde, ó dára púpọ̀.

Ṣé kí n da àtẹ mi nù?

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. R2RML wà láti 2012, ìlànà tí a fi ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé òpó yìí ni P22, ìlà yìí ni àdírẹ́sì yẹn. Àtẹ yín á wà níbi tó wà, àwọn ará ìta á sì máa kà á bí àwọ̀n. Ìbéèrè tí èmi máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tó bá wá gbàmọ̀ràn ni pé: ta ni yóò so dátà yìí mọ́ tirẹ̀ tí ẹ kò mọ̀ rí? Bí kò bá sí, àtẹ ti tó. Bí ó bá wà, tó jẹ́ pé ilé ìkàwé, ilé ìṣẹ̀m̀báyé tàbí ọmọ wa kan ní Salvador ni, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fún nǹkan yín ní àdírẹ́sì lónìí.

Níbo ni mo ti lè dán an wò?

Ẹ lọ sí query.wikidata.org, kò gba owó. Ẹ tẹ èyí:

```
SELECT ?oruko WHERE {
  wd:Q34311 rdfs:label ?oruko .
}
```

Q34311 ni èdè Yorùbá. Orúkọ tí èdè oríṣiríṣi ń pè é ni yóò tò sílẹ̀ fún yín. Lẹ́yìn náà, ẹ fi Q8673 rọ́pò rẹ̀, kí ẹ wo ohun tí wọ́n kọ fún Èkó lábẹ́ `yo`. Bí àmì orí rẹ̀ kò bá pé, ẹ ṣí ojú ewé náà, ẹ tún un ṣe. Bọ́tìnnì rẹ̀ wà lókè.